Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe amazake ní Àjàṣẹ́

Àwọn tó ń bi mí bóyá a lè pọn sake, ọtí ìrẹsì àwọn ará Jàpáànì, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ó le o. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń pọn ún lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin nínú àgbá tó tutù, ooru tiwa yìí á ti sọ ọ́ di kíkan. Ṣùgbọ́n amazake, ohun mímu dídùn tí kò ní ọtí, tí wọ́n ń fi kóòjì (ìrẹsì tí wọ́n jẹ́ kó bu) ṣe bíi ti sake, ooru lòun ń fẹ́.

Ẹni tí ìyá ẹ̀ bá pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rí, á tètè yé e. Ìyá àgbà mi ní Kétu máa rẹ àgbàdo, á bò ó títí á fi hu, á sá a, á lọ̀ ọ́, híhu yẹn ló ń mú ṣúgà jáde. Àwọn ará Jàpáànì ò jẹ́ kí ìrẹsì hu ní tiwọn, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó bu ni, bí ọjọ́ méjì nínú yàrá gbígbóná, hóró á funfun bí òwú, á lẹ̀ mọ́ra, òun ni kóòjì. Tó bá dénú àgbá sake, ọ̀gá apọntí tí wọ́n ń pè ní tōji á máa fi ìrẹsì kún un lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ 4, ọjọ́ kejì á fi sílẹ̀ kó sinmi, bí kóòjì ṣe ń mú ṣúgà wá ni ìwúkàrà ń sọ ọ́ di ọtí lójú kan náà, ìyẹn ló fi lè le tó nǹkan bí 20 nínú 100 láìjẹ́ pé wọ́n sè é bíi sódàbì, ògógóró tiwa. Ìwé ogún UNESCO tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa wà náà ni wọ́n kọ iṣẹ́ yìí sí ní 2024, inú mi dùn gan-an.

Ó yá, ẹ wá kóòjì gbígbẹ 200 gíráàmù, mi ò rí i rà lọ́jà Ouando, àbúrò mi ní Paris ló fi ránṣẹ́. Ẹ fi omi mílílítà 600 se ìrẹsì 150 gíráàmù títí á fi rọ̀ bíi kókó tó ki. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ bu omi tútù díẹ̀ sí i, ẹ rò ó kó wá sí 60 dígírì kẹ́ ẹ tó da kóòjì sí i. Ibí yìí ni mo ti ṣì í lákọ̀ọ́kọ́, mo kánjú, mo dà á sí i bó ṣe ń hó, ilẹ̀ mọ́ mo ṣí i, omi ìrẹsì lásán, kò dùn rárá! Tó bá ju 70 lọ, agbára kóòjì ti kú nìyẹn, tó bá sì pẹ́ nísàlẹ̀ 50, á kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra tẹmọ́mítà.

Ẹ dà á sí témọ́ọ̀sì ẹlẹ́nu gbòòrò tẹ́ ẹ ti fi omi gbígbóná ṣan, ẹ fi aṣọ wé e, wákàtí 8 sí 10. Ẹ ṣí i láàárín kẹ́ ẹ rò ó, tó bá ti ń tutù, ẹ gbé e kaná díẹ̀. Tó bá ti ń ṣe dáadáa ẹ máa rí i pé hóró ń yọ́, omi ẹ̀ á máa ṣàn sára ṣíbí bíi oyin tí wọ́n là.

Tó bá dùn tán, ẹ jẹ́ kó hó lẹ́ẹ̀kan kó má baà máa ṣiṣẹ́ lọ, kó tutù, ó di inú fìríjì, ọ̀sẹ̀ kan ni. Ẹ rin atalẹ̀ díẹ̀ sí i bẹ́ ẹ bá fẹ́ mu ún, bẹ́ẹ̀ làwọn náà ń ṣe. Àwọn ọmọ ilé mi ò gbà títí dòní pé mi ò fi ṣúgà sí i.