Ẹ má tún ra antibody míì: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí γH2AX

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé àwòrán máíkírósíkóòpù γH2AX, àmì tó ń yọ níbi tí DNA bá ti gé, wá bá mi. Sẹ́ẹ̀lì tó gba ìtànṣán 2 Gy (Gy, ìyẹn gray, la fi ń wọn ìtànṣán) àti èyí tí kò gba nǹkan kan jọra bí ìbejì. "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé antibody ló ti bàjẹ́. Mo fẹ́ ra òmíràn." Antibody ni purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ àmì yẹn ká lè rí i; owó ìgò kékeré rẹ̀ tó san owó ilé. Ó dùn mí dọ́kàn, torí pé ohun kan náà ló jẹ mí níyà fún oṣù mẹ́ta, tí kò sì sẹ́ni tó là mí lóye.

Mo gbà pé ẹ ti mọ ìpìlẹ̀. Bí ìtànṣán bá gé okùn DNA méjèèjì, enzyme tó ń jẹ́ ATM àti àwọn ojúgbà rẹ̀ á fi phosphate sórí ojú kan, serine 139, lára H2AX, ọ̀kan nínú àwọn histone, ìyẹn purotéènì tí DNA wé mọ́. Òun ni γH2AX tí Rogakou àti àwọn tí wọ́n jọ wà ní yàrá iṣẹ́ Bonner ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣàlàyé ní 1998. Àwọn purotéènì àtúnṣe á wá tò tẹ̀ léra: MDC1 á so mọ́ ọn, RNF8 àti RNF168 á lẹ ubiquitin (purotéènì kékeré kan) mọ́ histone ìtòsí, 53BP1 á sì wá jókòó síbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ra antibody míì, ẹ yẹ nǹkan mẹ́rin yìí wò; méjì àkọ́kọ́ kan Western blot, níbi tí a ti ń gbé purotéènì sórí membrane kí antibody lè wá a rí.

1. Ẹ má fi mílíìkì dí membrane (kí antibody má bàa lẹ̀ mọ́ ibi tí kò kàn án) nígbà tó jẹ́ phosphate lẹ̀ ń wá. Phosphate kún inú casein tó wà nínú mílíìkì fúnra rẹ̀. BSA, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù, ni kẹ́ ẹ lò.

2. Ẹ má lo membrane oníhò 0.45 µm. H2AX ò ju nǹkan bí 15 kDa lọ, ó lè gba ihò yẹn jáde. 0.2 µm ni kẹ́ ẹ rà.

3. Ẹ fi phosphatase inhibitor, èròjà tí kì í jẹ́ kí enzyme yọ phosphate kúrò, sí i. Ní gbogbo ìgbà.

4. Àkókò. Ibí yìí ni owó ti ń bá omi lọ jù.

γH2AX kì í dúró deni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìtànṣán, àwọn ojúàmì títàn tí à ń pè ní foci á ti yọ. Wọ́n á pọ̀ dójú àmì ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà wọ́n á máa dín kù bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń so DNA rẹ̀ pọ̀. Tó bá fi máa di wákàtí 24, èyí tó pọ̀ jù ti lọ. 1 Gy X-ray máa ń dá nǹkan bí ogún sí ogójì irú ojú gígé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn kan. Tẹ́ ẹ bá wá ka mẹ́jọ péré níbi tẹ́ ẹ kọ "ọgbọ̀n ìṣẹ́jú" sí, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí sẹ́ẹ̀lì yín wà ní gbogbo ìṣẹ́jú yẹn.

Ẹ̀rọ ìtànṣán tí mò ń lò nígbà yẹn wà ní ilé ìwòsàn kan l'Ékòó, yàrá iṣẹ́ wa sì wà ní òdìkejì ọ̀sà. Mo máa ń kó sẹ́ẹ̀lì sínú kúlà, wọ́n á fún un ní 2 Gy, màá sáré wọ mọ́tò. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká wa mọ́ orí Afárá Third Mainland, a ò sì kúrò lójú kan fún wákàtí kan ààbọ̀. Kúlà wà lórí itan mi. Yìnyín inú rẹ̀ ti di omi, mò ń gbọ́ bó ṣe ń ró gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ nígbàkigbà tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ bíréèkì. Mo délé, mo ti sẹ́ẹ̀lì bọ incubator, mo wá ń ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí ẹni pé ìgbà yẹn ni ìtànṣán ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á. Lọ́sẹ̀ tí ọ̀nà bá dá, foci á pọ̀. Lọ́sẹ̀ tí ọ̀nà bá dí, wọ́n á dín. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan yára tún ara wọn ṣe ju àwọn kan lọ. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó ni mò ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí wá.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ò ná èèyàn ní nǹkan. Ẹ gbé paraformaldehyde 4%, èròjà tó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró bó ṣe wà, dání lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ gbé sẹ́ẹ̀lì sórí yìnyín kí ìtànṣán tó bà á, torí pé nínú òtútù bẹ́ẹ̀ àtúnṣe DNA á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, ẹ fi medium (omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì) tó ti gbóná dé 37°C rọ́pò èyí tó tutù, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ aago. Kí medium náà ní HEPES, èròjà tí kì í jẹ́ kí pH rẹ̀ yí padà, torí pé kò sí CO2 inú incubator níbẹ̀. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé, ẹ da paraformaldehyde sí i níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fi PBS, omi oníyọ̀, rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà ì báà dí di alẹ́, kò lè ṣe sẹ́ẹ̀lì yẹn ní nǹkan kan mọ́.

Control, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ìfiwéra tí kò gba ìtànṣán, náà gbọ́dọ̀ rin ìrìn àjò yìí. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbádùn ara rẹ̀ nínú incubator nílé kì í ṣe control. Ẹ gbé e lọ, ẹ gbé e sórí yìnyín, ẹ gbé e sídìí ẹ̀rọ, kí wọ́n má ṣáà tan ẹ̀rọ sí i ni.

Ẹ tún bá wọn yẹ ìwọ̀n ìtànṣán wò. Agbára Cobalt-60, èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde nínú àwọn ẹ̀rọ kan, máa ń dín kù sí ìdajì láàárín ọdún 5.27, ìyẹn nǹkan bí 12% lọ́dún. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi tébù tó ti lẹ̀ mọ́ ògiri láti ọdún méjì sẹ́yìn ṣírò ìṣẹ́jú. 2 Gy tí wọ́n kọ sínú ìwé, nǹkan bí 1.5 Gy ni sẹ́ẹ̀lì rí gbà.

Gbogbo γH2AX kọ́ ló ń tọ́ka sí okùn tó gé. Sẹ́ẹ̀lì tó wà ní S phase, ìgbà tó ń da DNA rẹ̀ kọ, lè ní i láìsí ìtànṣán, èyí tó sì ń kú lè tàn yòò ní gbogbo núkílíọ́sì. Ẹ fi antibody 53BP1 kún un, ibi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé ni kẹ́ ẹ kà.

Ẹ má sì dúró sórí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nìkan. Nínú heterochromatin, ibi tí DNA ti dì pọ̀ gan-an, níbi tí àmì histone H3K9me3 ti pọ̀, àtúnṣe máa ń falẹ̀, torí pé ATM ní láti fi phosphate sórí purotéènì KAP1 kí ibẹ̀ tó dẹ̀. Púpọ̀ nínú foci tó bá ṣẹ́ kù ní wákàtí 24, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lẹ máa bá a. Èmi ò rí i títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ìtànṣán.

Mo ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn tọ́jú owó rẹ̀. Èyí tó wà nínú fíríísà rẹ̀ ṣì dáa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a jọ ń lọ sí ilé ìwòsàn ni: èmi ni màá gbé paraformaldehyde, òun ló máa mú aago dání.