Nígbà tí ẹgbẹ́ họ́kì bá ń darúgbó: àwọn àṣìṣe tó ń sọ ẹgbẹ́ ńlá di ẹdun arinlẹ̀

Nínú ẹgbẹ́ 32 tó wà nínú líìgì họ́kì orí yìnyín NHL, 16 ló ń wọ ìdíje ife Stanley lọ́dọọdún. Torí pé ìdajì ló ń wọlé, ó ṣòro fún ẹgbẹ́ tó ti gba ife rí láti gbà pé àsìkò òun ti ń kọjá lọ. Ìbéèrè náà á wá délẹ̀: ṣé ká tú ẹgbẹ́ palẹ̀ ká tún un kọ́, àbí ká ṣì máa bá wọn du ife? Ọ̀pọ̀ máníjà ló ń wo tábìlì líìgì tàbí orúkọ àwọn àgbà eléré wọn kí wọ́n tó dáhùn. Ohun tó yẹ kí wọ́n wò ni ìwé àdéhùn, ọjọ́ orí àwọn tó wà lẹ́yìn àwọn àgbà náà, àti àǹfààní tó kù lọ́wọ́ wọn fún draft, ìyẹn ètò tí ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ eléré lọ́dọọdún, tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ tábìlì sì sábà máa ń kọ́kọ́ yan.

Ẹ má gba tábìlì líìgì gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ

Pittsburgh Penguins wọ ìdíje ife ní sáà 16 léraléra, láti 2007 dé 2022. Wọ́n gba ife ní 2009, 2016 àti 2017. Ní 2023, pọ́ìntì kan péré ló dí wọn lọ́nà: 91 ni wọ́n ní, Florida ní 92. Pọ́ìntì kan yẹn ló jẹ́ kí ó dà bíi pé nǹkan díẹ̀ ló kù. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n mú Erik Karlsson, ẹni ọdún 33, wá láti San Jose. Sáà tó tẹ̀ lé e, pọ́ìntì 88, wọn ò wọlé. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, 80.

Tábìlì NHL máa ń fún pọ̀ láàárín, nítorí ẹgbẹ́ tó bá pàdánù lẹ́yìn tí àkókò gidi parí ṣì ń mú pọ́ìntì kan lọ sílé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ara ẹgbẹ́ yín ṣe le tó, ẹ yọ góòlù tí wọ́n gbá nígbà tí eléré alátakò wà lórí àga ìyà kúrò, ẹ yọ èyí tí wọ́n gbá sínú ilé tí kò ní aṣọ́lé, kí ẹ wá ka èyí tó kù, níbi tí márùn-ún ti ń kojú márùn-ún. Ẹ wo aṣọ́lé lọ́tọ̀. Láwọn sáà àìpẹ́ yìí, aṣọ́lé tó wà ní ìwọ̀n máa ń mú nǹkan bíi 90 nínú ìgbá 100. Tí tiyín bá ń mú 92, tí ìgbá tí àwọn alátakò ń gbá sí i sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, aṣọ́lé yẹn ló ń bo ẹsẹ̀ tó ti wúwo mọ́lẹ̀. Ọdún tó bá rẹ̀ ẹ́ ni àṣírí máa tú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ eléré mẹ́fà tó wà ní ìlà méjì àkọ́kọ́ níwájú, mẹ́rin àkọ́kọ́ ní ẹ̀yìn, àti aṣọ́lé. Mọ́kànlá nìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ orí, ọdún tí àdéhùn rẹ̀ máa parí, owó rẹ̀, àti bóyá àdéhùn náà sọ pé wọn ò lè gbé e lọ síbòmíràn láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Ẹ wá ka àwọn tó wà láàárín ọdún 22 sí 27. Ọjọ́ orí yẹn ni àwọn eléré iwájú máa ń gbá góòlù jù. Ti àwọn eléré ẹ̀yìn máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i. Ti aṣọ́lé kò ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Bí ẹ bá rí márùn-ún, ẹ má tú ẹgbẹ́ palẹ̀, ẹ tún un ṣe ni. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan tàbí méjì, kò sí àgbà eléré tó lè gbà yín, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó. Mẹ́ta sí mẹ́rin ló le jù, àǹfààní draft tó wà lọ́wọ́ yín ló sì máa pinnu rẹ̀. Láàárín 2015 sí 2021, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Pittsburgh yan ọ̀dọ́ ní ìpele kìíní draft. Wọ́n ti fi ìyókù ṣe pàṣípààrọ̀. Ife méjì wá láti inú ìnáwó yẹn, mi ò sì ní sọ pé wọ́n ṣe àṣìṣe ní 2016. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ná irú owó yẹn gbọ́dọ̀ rántí pé ó ti ná an, kó má máa ṣe bí ẹni pé ó ṣì wà nínú àpò.

Ẹ má fi àǹfààní ìpele kìíní sílẹ̀ láìní ààbò

Ní oṣù kẹsàn-án 2018, San Jose Sharks gba Karlsson lọ́wọ́ Ottawa. Ara ohun tí wọ́n fi gbà á ni àǹfààní ìpele kìíní tó padà já sí ti ọdún 2020. Wọ́n rò pé ẹgbẹ́ àwọn ṣì máa wà lókè nígbà náà, kò sì sí ààbò kankan lórí rẹ̀. Wọ́n dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ní 2019 lóòótọ́, àmọ́ lọ́dún kejì ẹgbẹ́ náà já wálẹ̀ pátápátá, àǹfààní náà sì di ipò kẹta. Ottawa fi yan Tim Stützle. San Jose ò ní ife, wọn ò sì ní ọ̀dọ́ tó yẹ kí ìjákulẹ̀ náà fún wọn.

Ẹgbẹ́ tó ń darúgbó kì í rọra sọ̀ kalẹ̀, ó sábà máa ń já lójijì. Bó bá di dandan kí ẹ fi àǹfààní ìpele kìíní sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé bó bá bọ́ sáàárín ipò kìíní sí kẹwàá, ẹ̀yin lẹ ni ín, ti ọdún tó tẹ̀ lé e ló máa lọ. Kí ẹ sì mọ̀ pé ààbò náà ní ibi tó mọ. Pittsburgh fi ààbò ipò mẹ́wàá sórí èyí tí wọ́n fi gba Karlsson ní 2023. Ipò 14 ló bọ́ sí, ó sì lọ.

Àdéhùn gígùn fún ẹni tó ti sin ẹgbẹ́

Èyí ló ń ba ẹgbẹ́ jẹ́ jù, nítorí inú rere ló ti ń wá. Eléré ti bá yín jìyà, àwọn olólùfẹ́ ń kọrin orúkọ rẹ̀, ẹ wá fún un ní ọdún méje. Detroit Red Wings wọ ìdíje ife ní sáà 25 léraléra, láti 1991 dé 2016. Nígbà tí ọ̀nà ń dí mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n fún Justin Abdelkader ní ọdún méje, dọ́là mílíọ̀nù 4.25 lọ́dún, bẹ̀rẹ̀ láti sáà 2016–17. Góòlù 23 ló gbá ní sáà 2014–15. Ní 2019–20, ó wọ ìdíje 49, kò gbá góòlù kankan. Ní 2016 kan náà, wọ́n fún Frans Nielsen, ẹni ọdún 32, ní ọdún mẹ́fà, dọ́là mílíọ̀nù 5.25 lọ́dún. Wọ́n já àdéhùn méjèèjì kó tó parí. Láti 2017 dé 2025, Detroit ò wọ ìdíje ife mọ́.

Kí a wo ohun tí jíjá àdéhùn ń ná ẹgbẹ́. Ẹni tó ti pé ọdún 26 máa gba ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tó kù, wọ́n á sì pín in sí ìlọ́po méjì ọdún tó kù. Ká ní ọdún mẹ́ta kù, dọ́là mílíọ̀nù 6 lọ́dún: gbogbo rẹ̀ jẹ́ 18, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 12, ẹ pín in sí ọdún mẹ́fà. Mílíọ̀nù méjì ló máa wà lórí gbèdéke owó yín, ìyẹn iye tí líìgì gbà kí ẹgbẹ́ ná lórí eléré, lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́fà, fún ẹni tí kò sí nílé mọ́. Ti Abdelkader, tí wọ́n já ní 2020, ṣì wà lórí ìwé Detroit ní sáà 2025–26. Bó bá sì jẹ́ owó ìbuwọ́lùwé ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àdéhùn náà, kò sí ohun tí jíjá máa dín kù, torí gbogbo owó ìbuwọ́lùwé lẹ máa san. Ojú ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nínú àdéhùn àgbà èyíkéyìí.

Gbèdéke owó ti gòkè láti dọ́là mílíọ̀nù 88 ní sáà 2024–25 sí 95.5 ní 2025–26, àwọn kan sì ti ń fi ìyẹn ṣe àwáwí láti fi ọdún kún àdéhùn àwọn tó ti lé ní 30. Ti gbogbo ẹgbẹ́ ló gòkè. Ọdún méjì fún àgbà, pẹ̀lú owó tó pọ̀ díẹ̀, sàn ju ọdún mẹ́fà olówó pọ́ọ́kú lọ. Ìyẹn ni Sidney Crosby fọwọ́ sí ní 2024: ọdún méjì, mílíọ̀nù 8.7 lọ́dún, iye tó wà nínú àdéhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an.

Ẹ má tú u palẹ̀ láì fi òpó kankan sílẹ̀

Àṣìṣe òdìkejì nìyí. Buffalo Sabres parí sí ìsàlẹ̀ pátápátá ní 2014 àti 2015, wọn ò sì rí ipò kìíní nínú draft lẹ́ẹ̀méjèèjì. Wọ́n yan Sam Reinhart àti Jack Eichel sípò kejì. Ní 2018, Ryan O'Reilly sọ ní gbangba pé ìfẹ́ eré náà ti ń kúrò lọ́kàn òun. Wọ́n tà á. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó gba ife pẹ̀lú St. Louis, òun sì ni eléré tó ta yọ jù nínú ìdíje náà. Eichel gba ife pẹ̀lú Vegas ní 2023. Reinhart ló gbá góòlù tó fún Florida ní ife ní 2024. Buffalo ò wọ ìdíje ife ní sáà 14 léraléra, láti 2012 dé 2025. Wọ́n mọ ẹni tó dára, ilé tí ẹni náà máa dàgbà sí ni wọn ò ní.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé lọ́tìrì tí wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́ tó máa kọ́kọ́ yan nínú draft. Ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn ní ìdá 25.5 nínú 100 péré láti yan ẹni àkọ́kọ́, ó sì lè já sípò kẹta. Ní 2025, New York Islanders tó wà ní ipò kẹwàá láti ìsàlẹ̀ ló gbé e lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ẹ fi eléré àárín kan àti eléré ẹ̀yìn méjì tó ti lé ní 28 sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé, pẹ̀lú aṣọ́lé tó lè jẹ́ kí wọ́n mọ bí ìṣẹ́gun ṣe ń rí.

Ẹ má yí ohùn padà láàárín ọ̀nà

Ní oṣù kẹwàá 2020, Chicago Blackhawks kọ lẹ́tà sí àwọn olólùfẹ́ wọn pé àwọn fẹ́ tún ẹgbẹ́ kọ́. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, wọ́n mú Seth Jones, wọ́n fún un ní ọdún mẹ́jọ, mílíọ̀nù 9.5 lọ́dún. Ara ohun tí wọ́n san ni àǹfààní ìpele kìíní tó di ipò kẹfà ní 2022. Nígbà tó fi máa di 2022, wọ́n tún padà sídìí àtúnkọ́, àǹfààní yẹn sì ti lọ.

Ẹ má wo Washington kí ẹ má wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn

Washington Capitals ni gbogbo ẹgbẹ́ tó ń darúgbó ń tọ́ka sí báyìí. Ní oṣù kejì 2023, wọ́n fi Dmitry Orlov àti Garnet Hathaway ránṣẹ́ sí Boston, wọ́n gba àǹfààní ìpele kìíní, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n sì fi í mú Rasmus Sandin, ọmọ ọdún 22. Ní 2024, wọ́n mú aṣọ́lé Logan Thompson fún àǹfààní ìpele kẹta méjì, wọ́n mú Jakob Chychrun, wọ́n tún mú Pierre-Luc Dubois lẹ́yìn sáà tí kò dára ní Los Angeles. Pọ́ìntì 111 ni wọ́n ní ní sáà 2024–25, tí Alex Ovechkin, ẹni ọdún 39, sì kọjá góòlù 894 ti Wayne Gretzky.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Aliaksei Protas tó gbá góòlù 30 àti Connor McMichael tó gbá 26, ọmọ ilé ni wọ́n, draft 2019 ni wọ́n ti yan àwọn méjèèjì. Owó Nicklas Backstrom, mílíọ̀nù 9.2, wà lórí ìwé àwọn tó fara pa fún ìgbà pípẹ́, ìyẹn sì fún wọn láyè. Ẹgbẹ́ tí kò ní ọmọ ilé méjì bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní àyè owó, ìdajì iṣẹ́ náà ló lè ṣe.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tà

Ẹ kọ́kọ́ bá eléré tó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ sọ̀rọ̀, kó tó gbọ́ ọ níta. Nínú àdéhùn àwọn eléré tí ẹgbẹ́ ti tà, mẹ́ta péré ló lè máa bá ẹgbẹ́ tó rà wọ́n san lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdajì owó kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ má fi àyè kan ṣòfò sórí ẹni tó ṣì ní ọdún márùn-ún. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti fẹ́ parí ni kí ẹ lò ó fún. Kí ẹ sì so owó ọjà mọ́ bí ẹgbẹ́ tó rà bá ṣe lọ jìnnà tó: ní oṣù kẹta 2025, Boston ta Brad Marchand sí Florida fún àǹfààní ìpele kejì tó lè gòkè. Florida gba ife, ó sì di ti ìpele kìíní.