Ẹgbẹ́ Onídùndún Tí Kò Ní Tú: Bí A Ṣe Ń To Ipò, Owó àti Ìwé Rẹ̀

Ikú olórí ló sábà máa ń tú ẹgbẹ́ onílù ká. Bí kì í bá ṣe ikú, ìjà owó ni. Méjèèjì ló ṣeé múra sílẹ̀ dè. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹgbẹ́ onídùndún jọ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá a lórí ìdúró, ipò ni kó kọ́kọ́ tò kó tó wá ènìyàn. Kó sì rí i pé ipò kọ̀ọ̀kan ní ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n lù.

Ipò márùn-ún tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń ki ènìyàn, òun ló sì ń pàṣẹ fún ìlù yòókù. Ṣaworo tó yí ojú rẹ̀ ká la fi ń dá a mọ̀. Kẹríkẹrì ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀. Ìsáájú wà láàrin, kànnàngó ló kéré jù, ohùn tirẹ̀ sì lọ sókè. Gúdúgúdú ni ìkarùn-ún: ojú kan ló ní, a kì í fún un lábẹ́ apá, ọrùn la ń gbé e kọ́, bílálà méjì la sì fi ń lù ú. Bí owó bá wà, ẹ fi gángan kan kún un. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lè dúró títí di ìgbà tí àwọn márùn-ún yìí bá ti mọ ara wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi gúdúgúdú fún ẹni tí kò bá níṣẹ́, nítorí pé kì í sọ̀rọ̀. Àṣìṣe ńlá ni. Gúdúgúdú ni gbogbo ìlù yòókù dì mú. Bó bá sáré, kẹríkẹrì á sáré tẹ̀ lé e, ìyáàlù kò sì ní ráyè parí oríkì kí ìró tó dé bá a lẹ́nu. Bí a ṣe ń dán onígúdúgúdú wò nìyí: kí ó nìkan máa lu ìró kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹlòmíì máa pàtẹ́wọ́ sí i láìwo ojú rẹ̀. Bí àtẹ́wọ́ àti bílálà bá pínyà kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, kò tíì tó gbé lọ sóde. Kó lọ fi oṣù kan sí i.

Ní ti pé kí ẹni méjì mọ ipò kan, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ máa gòkè láti ìsàlẹ̀. Oníkẹríkẹrì ni kó máa kọ́ ìyáàlù, onísàájú kó máa kọ́ kẹríkẹrì, oníkànnàngó kó máa kọ́ ìsáájú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni kó máa kọ́ kànnàngó àti gúdúgúdú. Nígbà ìdánrawò, ẹ lu ìdajì àkọ́kọ́ bí ẹ ṣe máa ń lù ú lóde. Ní ìdajì kejì, kí olúkúlùkù sún sókè ní ipò kan, kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ gba kànnàngó, kí oníyàálù wá gba gúdúgúdú. Oníyàálù tí kò lè jókòó ti gúdúgúdú kò ní mọ ohun tó ń da àwọn tó kù láàmú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń bàjẹ́ ni pé olórí kì í fẹ́ gbé ìyáàlù sílẹ̀ níwájú èrò. Igbákejì á wá mọ̀ ọ́n lù nílé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n lóde. Ẹ máa fi òde ìkómọ kọ́ ọ. Tí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, tí ojú kò sí lára onílù mọ́, kí olórí bọ́ ìyáàlù fún un títí wọn yóò fi fọwọ́. Ìsìnkú àgbà, ọdún Ṣàngó àti ìlù ní ààfin kì í ṣe ibi ìdánwò. Ẹni tó bá ṣi oríkì ilé kan kì níbẹ̀, ọdún ni wọn yóò fi máa rántí.

Oríkì gan-an ni ohun tó ṣòro jù láti gba padà bí ó bá sọnù. Ẹ ra mẹ́mọ́rì kan, kí ẹ sì gba ti àwọn àgbà sílẹ̀ sórí fóònù láti ilé dé ilé: Oníkòyí, Òpómúléró, Arẹ̀sà àti ti ilé gbogbo tó máa ń pè yín. Kí Bàbá fi ẹnu kì í ní gbólóhùn kan, kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n wá fi ìlù sọ gbólóhùn náà kan náà. Ìlù nìkan kò tó, nítorí ohùn nìkan ni ìlù ń gbé. Bí a bá fi ìlù pe “ilé”, “owó” àti “adé”, ìró kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń ní, gbólóhùn tó yí wọn ká ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Lẹ́yìn ogún ọdún, ẹni tó bá gbọ́ ìlù láìgbọ́ ẹnu yóò máa méfò lásán. Ẹ má sì gbà á sílẹ̀ níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ilé àwa Àyàn nìkan ni ìṣòro arọ́pò wà, ẹ wo àwọn tó ń kọ blues, orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà bí. Ẹgbẹ́ Canned Heat bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní 1965. Alan Wilson àti Bob Hite ló dá a sílẹ̀. Wilson kú ní 1970, Hite kú ní 1981. Onílù wọn, Fito de la Parra, ọmọ Mẹ́síkò tó wọ ẹgbẹ́ ní 1967, ló gbé e dúró lẹ́yìn wọn. Ní London, Peter Green dá Fleetwood Mac sílẹ̀ ní 1967, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ onílù, Mick Fleetwood, àti ti oníjìtá ohùn ìsàlẹ̀, John McVie, ló pa pọ̀. Green fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1970, orúkọ kò bá a lọ, àwọn méjì tó ni ín sì bá iṣẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti ẹgbẹ́ Savoy Brown yàtọ̀. Láti 1965 tí Kim Simmonds ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àìmọye ènìyàn ló wọlé tó sì jáde. Mẹ́ta nínú wọn tilẹ̀ lọ dá Foghat sílẹ̀. Simmonds nìkan ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù Kejìlá 2022.

Nítorí náà ẹ má fi orúkọ olórí sọ ẹgbẹ́. Orúkọ agbo ilé tàbí ti àdúgbò ló dára. Bí ó bá jẹ́ orúkọ olórí ni, lọ́jọ́ tó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á ní àwọn ló ni ín, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á ní àwọn ló ṣiṣẹ́ rẹ̀, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹni mẹ́ta fọwọ́ sí i: ta ló ni orúkọ, ìlù wo ló jẹ́ ti ẹgbẹ́, èwo ló jẹ́ ti ẹni tó ń lù ú, kí ni ẹni tó bá ṣàìsàn yóò máa gbà, fún oṣù mélòó.

Owó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àpò kan ṣoṣo ni kó wà, owó àdéhùn àti èyí tí wọ́n ná fún yín lójú agbo, inú rẹ̀ ni kí gbogbo rẹ̀ wọ̀. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti kà á lójú gbogbo ènìyàn kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ká ní ₦60,000 ni, tí ọkọ̀ àti oúnjẹ jẹ́ ₦8,000, ó ku ₦52,000. Ẹ yọ ìdá mẹ́wàá, ₦5,200, sí àpò àtúnṣe ìlù. ₦46,800 tó kù, ẹ pín in sí mẹ́fà fún ẹni márùn-ún: olórí gba ìpín méjì, ₦15,600, àwọn mẹ́rin yòókù gba ₦7,800 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìpín méjì tí olórí ń gbà tọ́ sí i, òun ló ń wá òde, òun ni wọ́n ń bú bí nǹkan bá bàjẹ́. Bí ó bá gba mẹ́ta, ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀.

Àpò àtúnṣe yẹn ni ẹgbẹ́ fi ń pẹ́, torí ìlù a máa bàjẹ́ léraléra. Ní ìgbà òjò, awọ máa ń fa ọ̀rinrin, á dẹ̀, ohùn á wúwo, kò ní gòkè bí ẹ ti wù kí ẹ fún un tó. Ẹ gbé e sínú oòrùn àárọ̀ kí ẹ tó jáde, kí ẹ máa fi ìka kàn án lójú. Bó bá ti dún gan-an, ẹ gbé e kúrò. Ẹ má fi sórí iná: ìtòsí òrùka tó di etí awọ mú ni yóò ti ya. Ní ìgbà ọyẹ́, awọ á le fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rọra fún un ní ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó lù ú kíkankíkan. Ẹ má sì fi ìlù sílẹ̀ sínú bùùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án, ojú ìlù tó bẹ́ níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tó bẹ́ lóde lọ.

Ẹ máa fi ìka wọ́ ọ̀sán, ìyẹn okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, yí ká lẹ́yìn òde kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá dẹ̀ láàrin wọn, ẹ̀gbẹ́ awọ náà á dẹ̀, ohùn á sì pín sí méjì. Ẹ má fa ìyẹn nìkan. Ẹ fà wọ́n díẹ̀díẹ̀ yí po, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú ìlù á wọ́. Òrí díẹ̀ lè kan ọ̀sán kó má bàa gan, kò gbọdọ̀ kan ojú awọ. Ara ògiri ni ká gbé ìlù kọ́, nítorí èkúté fẹ́ràn ọ̀sán. Ti gúdúgúdú, ìda tó wà láàrin ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Oòrùn a máa rọ̀ ọ́, òtútù a máa mú un gan títí yóò fi já bọ́. Ẹ fi ọwọ́ pò ó kó gbóná díẹ̀ kí ẹ tó tún un lẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra igi ìlù tuntun, kó jẹ́ ọmọ̀ tàbí apá tó ti gbẹ dáadáa. Kí wọ́n tó bò ó lójú, ẹ fi aṣọ dí ẹnu kan, kí ẹ gbé e sókè sí oòrùn, kí ẹ wo inú rẹ̀ láti ẹnu kejì. Ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ bá rí ní ìbàdí rẹ̀ ni ibi tí yóò ti là. Ẹ dá a padà. Awọ ewúrẹ́ tí kò tíì gbó ló ń gbé ohùn tó ń tẹ̀. Ti òbúkọ àgbà nípọn jù fún ìyáàlù.

Ó wá ku ìwé ẹgbẹ́. Ìwé ogójì ojú ewé á tètè kún, ẹ ra èyí tó nípọn. Lẹ́yìn òde kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ déètì, ibi tí ẹ lọ, ẹni tó lu ipò kọ̀ọ̀kan, iye owó, àti ohun tó bàjẹ́. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ọdún tó wọlé, ìlù tó bẹ̀rẹ̀ lé, ìgbà tó gòkè, ìgbà tó lọ.

Bí ẹgbẹ́ bá ti wà kí ẹ tó ra ìwé, ẹ má bi àwọn àgbà pé ọdún wo ni. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọn kò lè gbàgbé. Ṣé ogun Biafra ti parí ní 1970? Ṣé Aláàfin Làmídì Adéyẹmí ti gorí ìtẹ́, ìyẹn ìparí 1970? Ṣé mọ́tò ti kúrò ní ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún títì ní 1972? Ṣé náírà ti dé ní 1973, àbí pọ́n-ùn ni wọ́n ṣì ń ná fún yín? Ṣé a ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1976? Ṣé Ọ̀ṣun ti kúrò lára wa ní 1991? Ẹni tó bá sọ pé pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná, ṣùgbọ́n mọ́tò ti yí, ti fún yín ní oṣù díẹ̀ péré láti wá a sí. Ẹ bi ẹni méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má gbọ́ tẹnu ara wọn. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Ìwé náà kò gbọdọ̀ máa sùn sílé olórí nìkan. Ní ọjọ́ kejì òde, kí igbákejì ya fọ́tò ojú ewé tuntun sórí fóònù tirẹ̀.