Bí A Ṣe Ń Gba Ẹ̀dà Ìdájọ́ Ìkọ̀sílẹ̀ ní Kóòtù ní Nàìjíríà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kóòtù ti tú ìgbéyàwó wọn ká kì í rántí ìwé ẹjọ́ náà mọ́ títí di ọjọ́ tí ẹnìkan bá bi wọ́n pé kí wọ́n mú un wá. Ó lè jẹ́ ọ́fíìsì rẹ́jísírì tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìgbéyàwó mìíràn, ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba físà, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ogún tó dá sílẹ̀ lẹ́yìn ikú ọkọ àtijọ́. Òfin fún wa láǹfààní láti gba ẹ̀dà ìwé náà. Ohun tó sábà máa ń dá ènìyàn padà ni pé kóòtù tí ọ̀rọ̀ kò kàn ni ó lọ, tàbí pé ìwé tí ó gbà kọ́ ni ìwé tí wọ́n bi í. Nítorí náà, kí a tó wọ ọkọ̀ lọ sí kóòtù kankan, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo irú ìgbéyàwó tí a ṣe.

Bí ó bá jẹ́ pé rẹ́jísírì ni a ti ṣe ìgbéyàwó, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, tí a sì gba ìwé ẹ̀rí ìjọba níbẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ni òfin ọdún 1970 tó wà lórí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ìyẹn Matrimonial Causes Act, fún lágbára láti tú u ká. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan, tí àwọn ẹbí ṣe ìdána tí wọ́n sì gba owó orí, kóòtù ìbílẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní kóòtù kọkọ-kọkọ, ló máa ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, irú èyí tó wà ní Mápó ní Ìbàdàn. Ní ìpínlẹ̀ Kwara, Area Court ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ ìgbéyàwó yìgì lọ. Inú ìwé kóòtù tó dá ẹjọ́ náà ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ máa ń wà, kì í ṣe kóòtù tó sún mọ́ ilé wa jù lónìí.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe méjèèjì ló gba àkíyèsí jù, nítorí pé báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ṣe é: a ṣe ìdána lónìí, a lọ sí rẹ́jísírì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Bí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ bá lọ kọ ara wọn sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, ìdájọ́ tí wọ́n gbà níbẹ̀ kò kan ìgbéyàwó rẹ́jísírì wọn rárá, bó ti wù kí òǹtẹ̀ ara ìwé náà hàn ketekete tó. Lójú òfin, tọkọtaya ṣì ni wọ́n. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé irú ìwé yẹn lọ ṣe ìgbéyàwó mìíràn lè kó sínú wàhálà abala 370 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, tí ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá rí báyìí, agbẹjọ́rò ni kí ó kọ́kọ́ wá, kí ó tó wá akọ̀wé kóòtù. Bákan náà ni pé àwọn tí ẹbí wọn dá owó orí padà nínú ilé láìdé kóòtù kò lè rí ẹ̀dà ìdájọ́ kankan gbà, nítorí pé kò sí ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni dá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan irú ìwé tí à ń wá. Ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, àṣẹ tí adájọ́ kọ́kọ́ máa ń pa, tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní decree nisi, kò tíì fòpin sí ìgbéyàwó. Oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kí ó tó di decree absolute. Bí tọkọtaya náà bá sì ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, kóòtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ètò tí wọ́n ṣe fún ìtọ́jú àwọn ọmọ náà tẹ́ òun lọ́rùn. Nígbà tí àkókò bá pé, tí kò sì sí ohun tó dí i lọ́wọ́, àṣẹ náà á kàn yí padà fúnra rẹ̀. Adájọ́ kò ní tún jókòó, wọn kò sì ní pe ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi tọ́jú decree nisi sínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ó ti parí, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí decree absolute, tí akọ̀wé kóòtù máa ń fọwọ́ sí fún ẹni tó bá béèrè, ni rẹ́jísírì àti àwọn iléeṣẹ́ aṣojú ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ rí. Ẹ béèrè fún un ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ní kóòtù ìbílẹ̀, ẹ̀dà ìdájọ́ ni kí ẹ béèrè fún, àti ìwé ẹ̀rí ìtúká ìgbéyàwó bí kóòtù náà bá ń fúnni. Àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí olúkúlùkù sọ nígbà ìgbẹ́jọ́ jẹ́ ìwé mìíràn tó nípọn, ó sì lè gbówó lórí. Ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ló nílò rẹ̀ jù.

Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí gbogbo rẹ̀ ni nọ́ńbà ẹjọ́. Ó máa ń wà lórí gbogbo ìwé tí kóòtù fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, lórí rìsíìtì owó tí a san, àti nínú fáìlì agbẹjọ́rò tó bá wa ṣe é. Ẹ tú àwọn ìwé àtijọ́ wò dáadáa. Bí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé mọ ọdún tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá sí kóòtù, kì í ṣe ọdún tí wọ́n dá a nìkan, nítorí pé bí ẹjọ́ ṣe ń wọlé ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tí wọ́n fi ń to ẹjọ́, ẹjọ́ tó wọlé ní 2014 lè má parí títí di 2017. Ẹ kọ orúkọ olùpẹ̀jọ́ àti ti olùjẹ́jọ́ bí wọ́n ṣe wà nígbà náà, pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá ìyàwó, kí ẹ sì fi onírúurú ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kọ orúkọ náà kún un.

Bí èyí bá ti wà nílẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé kóòtù. Ti Ilé Ẹjọ́ Gíga, akọ̀wé àgbà ni a máa ń kọ ọ́ sí. Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí òun ni èdè iṣẹ́ wọn. Kí lẹ́tà náà sọ nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ àwọn méjèèjì, ọjọ́ ìdájọ́, irú ìwé tí ẹ ń fẹ́, iye ẹ̀dà, àti ìdí tí ẹ fi ń fẹ́ ẹ. Ẹ fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ yín sí i. Bí ẹ bá sọ pé CTC, ìyẹn Certified True Copy, ni ẹ ń béèrè, wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ojúlówó ni ẹ ń wí.

Inú àpò ìjọba ni kí owó rẹ̀ lọ, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí lásán: abala 104 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sọ pé lẹ́yìn tí a bá ti san owó tí òfin là sílẹ̀ ni a ó gba irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà pé sísan owó náà wà lára ohun tó ń sọ ẹ̀dà di ojúlówó. Ẹni tó bá fi owó sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan lábẹ́ igi ti ra ìwé tí kóòtù mìíràn lè kọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fún yín ní ẹ̀dà náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́rìí pé ẹ̀dà òótọ́ ni gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ sí i, ipò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ tó fọwọ́ sí i, ìbuwọ́lù rẹ̀, àti òǹtẹ̀ kóòtù. Àwọn kan tún máa ń kọ nọ́ńbà rìsíìtì síbẹ̀, èyí sì dára púpọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ kóòtù ìbílẹ̀, ọwọ́ ni adájọ́ fi kọ ìdájọ́ sínú ìwé, ẹnìkan ní láti tẹ̀ ẹ́ kí ó tó ṣeé fún yín. Ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ka èyí tí wọ́n tẹ̀ kí òǹtẹ̀ tó kàn án. Ẹ yẹ orúkọ, ọjọ́, àti àṣẹ tó wà lórí àwọn ọmọ àti owó ìtọ́jú wọn wò, nítorí pé àṣìṣe kékeré lórí orúkọ lè mú kí wọ́n dá ìwé náà padà níbi tí ẹ bá gbé e lọ.

Fún ẹni tó jẹ́ olùpẹ̀jọ́ tàbí olùjẹ́jọ́, kò sí àríyànjiyàn: abala 294 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 pa á láṣẹ pé kí Ilé Ẹjọ́ Gíga fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ 7. Ọmọ tó ń wá ìwé òbí rẹ̀ tó ti kú, tàbí ẹlòmíràn, ní láti ṣàlàyé ohun tó pa òun àti ẹjọ́ náà pọ̀, kí ó sì mú ẹ̀rí wá. Ẹni tó wà lókè òkun lè kọ ìwé àṣẹ fún agbẹjọ́rò tàbí ìbátan láti gbà á fún un. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ni ó ti fẹ́ lò ó, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gba ìwé náà bóyá wọ́n fẹ́ kí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Nígbà mìíràn, fáìlì kò sí mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020, iná sun Ilé Ẹjọ́ Gíga tó wà ní Igbóṣeré ní Èkó, ọ̀pọ̀ ìwé ẹjọ́ sì bá a lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá sọnù, kí ó gba lẹ́tà lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù tó sọ pé wọ́n wá a tì, kí ó kó gbogbo ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́wọ́ agbẹjọ́rò rẹ̀ àti lọ́wọ́ ẹnì kejì jọ, kí ó sì jẹ́ kí agbẹjọ́rò gbé wọn padà lọ síwájú kóòtù. Abala 89 nínú Òfin Ẹ̀rí gbà kí a lo ẹ̀dà nígbà tí ojúlówó bá ti bàjẹ́ tàbí sọnù. Fún ẹjọ́ ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ẹ lè lọ béèrè ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn ìwé kóòtù ìbílẹ̀ àtijọ́ kan wà.