Bí mo ṣe to àìsàn Màmá mi sílẹ̀ kí wọ́n tó gba òògùn jẹjẹrẹ

Nígbà tí dókítà bi Màmá bóyá wọ́n ní àìsàn mìíràn yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ ọyàn, "Rárá o, dókítà" ni wọ́n dáhùn. Wọn ò purọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti rọlẹ̀, ṣúgà wọn náà ti wálẹ̀. Lójú tiwọn, ohun tí kò bá ti yọni lẹ́nu kì í ṣe àìsàn mọ́. Èmi ni mo dá sí i. Dókítà ní kí n lọ kó gbogbo òògùn wọn wá, títí kan àgbo.

Nílé, ní Ìjerò, mo da àpò òògùn wọn sórí ẹní. Amlodipine wà níbẹ̀, lisinopril náà wà, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni méjèèjì. Káàdì kan wà tí wọ́n ti fi síṣọ́ọ̀sì gé ibi tí orúkọ wà kúrò. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún wọn, ó ní metformin, òògùn ṣúgà, ni. Ike àgbo wà lẹ́yìn ìkòkò omi. Ìyá alágbo dárúkọ egbò méjì, ó ní ìyókù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ. Àgbo yìí ni dókítà kọ́kọ́ ní ká dá dúró, torí ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ ọ̀pọ̀ òògùn jẹjẹrẹ mọ́ nínú ara. Bí ẹ bá ń tọ́jú òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó òògùn náà gan-an dání, ẹ má fẹnu kà á.

Ní Adó, wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wò. Wọ́n yẹ hepatitis B, kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, náà wò, torí ó lè sùn sára fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òògùn jẹjẹrẹ tó jí i. Kò sí lára wọn, a dúpẹ́.

Ọkàn ni ọ̀rọ̀ wà. Doxorubicin, òògùn pupa yẹn, ni wọ́n fẹ́ lò. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ó lè ba iṣan ọkàn jẹ́, bó sì ṣe ń pọ̀ lára ni ewu ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra tẹ́lẹ̀ wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ. Àwòrán ọkàn Màmá fi hàn pé agbára tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde kò ju 47 nínú 100 lọ. Dókítà ní òun ìbá fẹ́ kó tó 55. Ó pa doxorubicin tì, ó mú òògùn jẹjẹrẹ méjì mìíràn, docetaxel àti cyclophosphamide.

Àṣé docetaxel náà ní tiẹ̀. Ó lè jẹ́ kí ìka ọwọ́ máa kú tipiri, bẹ́ẹ̀ ohun tí ṣúgà náà ń ṣe nìyẹn. Kí nọ́ọ̀sì tó fa omi sí wọn lára, ó máa ń ní kí Màmá fúnra wọn de bọ́tìnnì bùbá wọn lójú òun, kó lè mọ̀ bóyá ìka wọn ti ń kú. Dexamethasone, òògùn tí wọ́n ń lò láti ọjọ́ tó ṣáájú docetaxel kí ara má baà kọ̀ ọ́, tún máa ń gbé ṣúgà sókè. Mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà. Lọ́jọ́ kìíní, ó fò dé 290, mo pe dókítà, wọ́n sì fi insulin kún un fún ìgbà díẹ̀.

Dókítà kọ ìkìlọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ ìwé tó fún wa, ó sì fà á nílà: bí ara wọn bá gbóná dé 38, ká má fún wọn ní paracetamol ká wá máa wò wọ́n. Òògùn jẹjẹrẹ ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò jà kù, ara oníṣúgà kì í sì í tètè borí kòkòrò. Ká gbé wọn wá lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.