Odi Ìbíkúnlé Ti Wó, Oníbodè Ṣì Jókòó: Àṣìṣe Tí Ìjọba Ń Ṣe Lórí Òwò Orí Fóònù

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò ìyàwó mi kan pè mí pé kí n wá bá òun ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì. Owó pátákó ni wọ́n ní kó wá san, pátákó tí èèyàn ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí. Ọmọ yìí ò ní pátákó. Kò tilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ òkè ló ń tà lórí WhatsApp: ó ń rà á ní Òjé, ó ń ká a sínú yàrá tó ń sùn, ọlọ́kadà á gbé e lọ sí Ìwó Ròódù, mọ́tò á sì gbé e dé Èkó tàbí Àbújá.

"Bùrọ̀dá, ẹ gbà mí o. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ kan pátákó ni, kí n tó wá san owó rẹ̀?"

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò kéékèèké kọ fọ́ọ̀mù ní Dùgbẹ̀: fọ́ọ̀mù owó orí, ìforúkọsílẹ̀ CAC, ìwé àṣẹ lóríṣiríṣi. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí Agodi, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, àti Àbújá, tí ẹ ń ṣe òfin, ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí ọ̀dọ̀ wa ni àṣìṣe yín ń já sí.

Àkọ́kọ́ ni àṣìṣe oníbodè. Nígbà tí Odi Ìbíkúnlé ṣì yí Ìbàdàn ká, oníbodè á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá ru ẹrù wọlé á sanwó. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà náà. Odi ti wó, ìlú ti tàn kọjá rẹ̀ tipẹ́, ọjà sì ti gba orí fóònù lọ. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn àti pátákó ni òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì ń wá kiri. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì nínú kíóòsì á san, torí ojú títì ló wà. Ẹni tó ń ta ọjà mílíọ̀nù lórí Instagram látinú pálọ̀ ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ má wo ilẹ̀kùn, ẹ wo iye ọjà tí èèyàn tà. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026 ti ń gbìyànjú bẹ́ẹ̀: iléeṣẹ́ kékeré tí ọjà tó ń tà lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 100 náírà lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì kọjá mílíọ̀nù 250, kì í san owó orí iléeṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà nílùú Ìbàdàn. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó dùn mí jù ni kí ìjọba rí nǹkan tuntun, kó má yé e, kó sì sáré tì í pa. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà àti lójú àwọn títì ńláńlá. Nínú gbogbo ọlọ́kadà Èkó nígbà náà, àwọn wo ni èèyàn lè mọ orúkọ wọn, nọ́ńbà fóònù wọn, ibi tí wọ́n ti gbé èrò àti ibi tí wọ́n já a sí? Àwọn tó wà lórí áàpù ni: Gokada, MAX, ORide. Àwọn yẹn gan-an ni òfin kọ́kọ́ bá, torí wọn ò ríbi sá pamọ́ sí. Gokada yí sí ẹrù gbígbé. Ọlọ́kadà tí kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan gba inú àdúgbò lọ, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. (Lọ́dọ̀ wa níbí, iléeṣẹ́ ọ̀kadà orí áàpù kan, SafeBoda láti Uganda, náà ti wá gbé èrò kiri rí pẹ̀lú akoto aláwọ̀ ọsàn. Mo gùn ún dáadáa.)

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó kírípítò, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Bitcoin. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀, CBN, ní kí àwọn báńkì ti àkáǹtì gbogbo ẹni tó ń ṣe é. Ṣé àwọn ọ̀dọ́ Bódìjà wá jáwọ́? Ara wọn ni wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí, ẹnìkan sí ẹnìkan, ìjọba ò sì rí nǹkan kan mọ́. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2023 kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn padà. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló fẹ́ fìtílà tó lè fi ríran pa. Nígbà tí M-Pesa, ètò tí wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, dé Kenya lọ́dún 2007, báńkì àpapọ̀ wọn ò ní òfin kankan nílẹ̀ fún un. Wọ́n fún un láyè, wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n sì ṣe òfin lẹ́yìn tí wọ́n ti rí bó ṣe ń rìn. Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọdún 2021 yẹn náà ni CBN tiwa gbé ìlànà jáde pé kí àwọn iléeṣẹ́ wá dán nǹkan tuntun wò lójú àwọn.

Ẹ má fi òru ṣe òfin owó, bákan náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n kéde pé wọn yóò máa yọ 500 náírà lórí 100,000 tí èèyàn bá fi ránṣẹ́, nítorí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi fagi lé e. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà yẹn, àwọn oníbàárà mi kan ti padà sórí owó lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún gba tíráńsífà.

Ọ̀rọ̀ POS yàtọ̀ díẹ̀, torí èrò ìjọba níbẹ̀ ò burú. Olè wà, gbájúẹ̀ wà. Àmọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n ní owó tí oní-POS kan máa san jáde lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù kan àti 200,000 náírà lọ. Ẹ wá wo Òjé. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná ọjà aṣọ òkè. Lọ́jọ́ tí kò sí ọjà, oní-POS á máa lé eṣinṣin. Lọ́jọ́ ọjà, kó tó di ọ̀sán, ó ti kan òkè. Ká ní oṣù ni wọ́n fi ṣírò ni, olè ò ní rí ààyè, aláṣọ ò sì ní jìyà. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ oṣù Kẹjọ ọdún 2025 dé, pé kí ẹ̀rọ má kúrò ní mítà 10 sí ibi tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sí. Ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, tó ń tẹ̀lé ọjà kiri, ṣé kó gbé ọjà wá bá ẹ̀rọ ni? Ó hàn pé ẹni tó kọ ìlànà yìí ò tíì ná ọjà wa rí.

Mi ò ní pẹ́ lórí ìwé. Ẹ ní ká kọ fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a kọ ọ́ tán, ẹ tún ní ká tẹ̀ ẹ́ jáde, ká ṣe fọ́tòkọ́pì mẹ́ta, ká fi ti NIN kún un. Níbo ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí? Mo ra àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ kan, fọ́ọ̀mù ẹnìkan ni wọ́n fi wé e fún mi, tòun ti orúkọ àti nọ́ńbà fóònù. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 la sì ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní ti àbúrò ìyàwó mi, mo tẹ̀lé e lọ sí ọ́fíìsì tó fún un níwèé. Òṣìṣẹ́ tó dá wa lóhùn ò le, ó fún wa ní àga, ó gbọ́ gbogbo àlàyé wa. Ó ní kò sí wàhálà, àwọn á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Kó ṣáà lọ ya fọ́tò ṣọ́ọ̀bù náà wá, kí àwọn lè fojú ara àwọn rí i pé kò sí pátákó níwájú rẹ̀.