Híítà omi wa tí kò fẹ́ jó

Dọ́là 120 ni púlọ́ńbà gbà lọ́wọ́ mi, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ híítà onígáàsì wa, ó mirí, ó ní ó ti gbó, kí n lọ ra tuntun. Híítà ọdún mẹ́fà! Nínú òtútù oṣù kìn-ín-ní ní Chicago, ìkòkò la fi ń gbómi kaná fọ́mọ wẹ̀.

Mo ní mi ò rà. Mo ra thermocouple dọ́là 18, ìyẹn irin ṣóńṣó tí iná kékeré híítà ń jó mọ́, mo ti gáàsì, mo pààrọ̀ ẹ̀. Kò le rárá. Mo tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ bí ìṣẹ́jú kan, mo tan iná kékeré, mo jọ̀wọ́ ẹ̀, ó dúró. Mo pe ìyàwó mi pé kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ ẹ̀. A ò tíì fọ abọ́ tán tómi fi tún tutù nini.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Mo tàn án, ó kú. Mo tú thermocouple tuntun, mo tún un dè, mo bú ẹni tó tà á fún mi. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo gbé àpótí síwájú ẹ̀, mo ń yọjú wo iná látojú gíláàsì kékeré ìsàlẹ̀. Iná kékeré dúró digbí. Iná ńlá gbà, ó jó ní búlúù. Kò pẹ́, ó ń pọ́n, ó ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ bí ẹni tí èémí ń há fún. Gbogbo ẹ̀ kú pọ̀.

Èémí! Àṣé iná yìí ò rí afẹ́fẹ́. Mo ti gáàsì, mo dojú bolẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì: asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ti dí, ìhùùhù aṣọ bò ó bí irun àgùntàn. Dráyà tó ń mú aṣọ gbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an. Èmi tí mo mọ̀wé yìí náà ni mo gbé e síbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, omi gbóná.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti jókòó wo iná kí n tó náwó. Bó bá ń kú bẹ́ ẹ ṣe ń jọ̀wọ́ bọ́tìnnì, ẹ fura sí thermocouple, torí ooru orí irin ṣóńṣó yẹn ló ń mú ọ̀nà gáàsì ṣí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí iná ńlá bá ń jó ló ń kú, asẹ́ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iná tó bá pọ́n o: èéfín ẹ̀ tí ò lóòórùn lè pààyàn. Bẹ́ ẹ bá sì gbóòórùn gáàsì, ẹ má ṣáná, ẹ jáde síta, kẹ́ ẹ pe iléeṣẹ́ gáàsì.

Thermocouple àkọ́kọ́ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, kò sóhun tó ṣe é. Púlọ́ńbà ò sì tíì dá 120 mi padà.